Ojú Bàámi Lórí Kọ̀ǹpútà

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ara-fẹ́ra-kù Bàámi. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ẹ má ronú mi rárá.

Bọ̀dá Lásúnkànmí ní kí n ṣe àwòrán Bàámi tí wọ́n máa gbé kọ́ iwájú ilé lọ́jọ́ ìsìnkú, torí pé lójú tiwọn, èmi ni òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Mo bá gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán ọ̀fẹ́ kan sórí kọ̀ǹpútà màmá òyìnbó tí mò ń wẹ̀ fún. Wọ́n ní bó ti wù ká fẹ àwòrán inú rẹ̀ tó, kò ní di bàìbàì.

Fọ́tò tí Bọ̀dá fi ránṣẹ́ ti ṣá. Mo ní kí ẹ̀rọ náà tún un yà. Ó ka ilà ojú Bàámi sí ìdọ̀tí, ó sì nù ún kúrò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wá ń dán bí abọ́ ike. Ó kó mi nírìíra. Bọ̀dá rí i, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó kúkú sọ Bàámi di ọ̀dọ́. Ìyẹn tún rí mi lára ju ti ẹ̀rọ lọ.

Mo jókòó láti fi ọwọ́ ara mi ya ilà náà padà. Mo ya mẹ́ta sí ọ̀tún. Nígbà tí mo dé òsì, mi ò rántí mọ́. Ara mi wá kó èmi gan-an nírìíra.

Ẹ má torí mi sún ọjọ́ ìsìnkú síwájú, ìwé ìgbélùú tí màá fi lè wálé máa tó jáde. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ijoku. Ẹ sì dákun, ilà mélòó ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Bàámi?

Ọmọ yín,
Moríyọ̀