Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Yéjídé Sun Ẹkún Wọn Tán

Ilé Kejìlá, Òpópónà Ìrètí,
Lágéré,
Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Èrèlé, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Àgbà Ìrọ̀lẹ́ Ayọ̀,
Mayfair, Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi Alága,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ORIN PADÀ FÚN ÌYÁ MI, MÀMÁ YÉJÍDÉ FÁKÚNLÉ, TÍ ÀRÙN ÌGBÀGBÉ Ń BÁ JÀ

Èmi ni Fọláyọ̀ Olúṣọlá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Yéjídé Fákúnlé bí. Ọ̀dọ̀ yín ni ìyá mi ń gbé láti ìgbà òjò tó kọjá. Mo kọ ìwé yìí nítorí pé ẹ fòfin de orin tí a fi ń tọ́jú wọn, òfin náà sì ń pa wọ́n lára. Mo kọ́kọ́ wá fẹnu sọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ ti rìnrìn àjò. Nígbà tí ẹ dé, wọ́n ní àwọn ò rí ìwé náà mọ́, kí n lọ kọ òmíràn. Òmíràn náà nìyí. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọ̀gá, ṣùgbọ́n mi ò ní ibòmíràn tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Kí ẹ má baà rò pé aláìmoore ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́ ni ìyá mi, ọkọ ni wọ́n fẹ́ dé Ifẹ̀. Nígbà tí àrùn ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń di ẹrù, tí wọ́n á ní ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn fẹ́ tètè padà sí Mọ̀dákẹ́kẹ́ kí bàbá àwọn tó ti ilẹ̀kùn. Bàbá tí wọ́n ń wí yìí ti kú kí n tó dáyé. Àwọn ọlọ́kadà Lágéré mọ̀ wọ́n débi pé wọn kì í béèrè ilé mọ́ kí wọ́n tó gbé wọn padà wá bá mi. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ òkété yìí náà ti darúgbó, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, eékún ń dùn ún. Tẹkúntẹkún ni mo fi gbé wọn wá. Àwọn ẹbí ní mo lọ da ìyá mi nù.

Àwọn òṣìṣẹ́ yín ń gbìyànjú. Ara ìyá mi ń mọ́, ibùsùn wọn ń mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń di ẹnu pa mọ́ oúnjẹ. Èmi, “Nọ́ọ̀sì” ni wọ́n ń pè mí. Báyìí la wà kí Ìníolúwa Kọ́lápọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ọmọbìnrin tó kọ́ iṣẹ́ fífi orin tọ́jú aláìsàn, tí ẹ̀yin fúnra yín gbà láàyè. Ó ṣàlàyé fún mi pé àrùn yìí a máa tètè gba orúkọ àti ọjọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó débi orin tí ènìyàn kọ nígbà èwe. Ó ní, “Mà, orin wo ni màmá ń kọ kí wọ́n tó bí yín?” Mo ní orin ìjọ ni. A kọ orin ìjọ títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Ìyá mi ń wo ògiri.

Àǹtí Hàjàrá, àbúrò ìyá mi kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, ló fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ròyìn fún wọn. Wọ́n ní, “Fọláyọ̀, ilé ọkọ ni ìyá rẹ ti kọ́ orin ìjọ. Ẹkún ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Odindi àdúgbò ló jáde wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.” Àwọn gan-an ni wọ́n tẹ̀ lé ìyá mi kiri lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n ń gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n sun ẹkún náà sínú fóònù mi, mo sì gbé e wá sí Mayfair.

Ó lè jẹ́ pé ẹ mọ àṣà yìí, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò ṣe é níbi tí ẹ ti dàgbà. Láyé àtijọ́, ní ilé àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́, bíi àwọn ará Mọ̀dákẹ́kẹ́, ìyàwó kì í ṣàdédé dìde lọ sílé ọkọ. Á lọ bá ìyá, á lọ bá bàbá, á kúnlẹ̀, á máa fi ohùn arò dúpẹ́ oore tí wọ́n ṣe é, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á súre fún un. Ìgbà yẹn ni yóò tó dìde. Ìyàwó tí kò bá sunkún, wọ́n á ní kò mọ oore òbí. Ẹkún yìí kì í ṣe ẹkún ọ̀fọ̀. Ojú rere ni wọ́n fi ń wò ó.

Nígbà tí ohùn Àǹtí Hàjàrá jáde nínú fóònù, ìyá mi gbórí sókè. Wọ́n gba ẹkún náà mọ́ àbúrò wọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ń jáde geere, láti ẹnu ẹni tí kò tíì sọ gbólóhùn kan tó délẹ̀ láti oṣù mélòó kan. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, wọ́n kúnlẹ̀, èmi àti Ìníolúwa dì wọ́n mú kí wọ́n má baà ṣubú. Omijé bò wọ́n lójú. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìyá mi, ẹ súre fún mi.” Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Ìníolúwa ló fọwọ́ tọ́ mi. Mo gbé ọwọ́ lé ìyá tó bí mi lórí, mo sì ṣàdúrà fún wọn pé ilé ọkọ á tù wọ́n lára, pé wọ́n á fọwọ́ rọmọ sùn. Wọ́n ṣe àmín. Wọ́n nu ojú, wọ́n dìde, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tán, wọ́n sì sùn láìlo oògùn. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí nígbàkígbà tí a bá sun ún. Wọn ò dá mi mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pè mí ní ìyá wọn dùn mọ́ mi ju kí wọ́n pè mí ní Nọ́ọ̀sì lọ.

Àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nọ́ọ̀sì àgbà yín, Abilékọ Ọdẹ́wálé, wọlé nígbà tí ẹkún wà lẹ́nu ìyá mi. Wọ́n rí arúgbó lórí ìkúnlẹ̀, tó ń sunkún kíkankíkan. Àánú ṣe wọ́n, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Wọ́n pa fóònù, wọ́n gbé ìyá mi dìde, wọ́n fún wọn ní oògùn oorun. Mi ò bínú sí wọn. Ẹni tí kò mọ ìdí ẹkún, àfi kó máa nu omijé. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ìyàwó dúró kí ẹnikẹ́ni tó súre fún un. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ yín pàṣẹ pé orin ń ba aláìsàn yìí nínú jẹ́, kí a má ṣe kọ ọ́ fún wọn mọ́, orin ayọ̀ orí rédíò nìkan ni kí wọ́n máa gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi èmi tàbí Ìníolúwa léèrè.

Láti ìgbà náà, ìyá mi ti padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ oúnjẹ. Aṣọ wọn ti ń tóbi jù wọ́n lọ. Bí omi bá ti bọ́ lójú wọn, oògùn ló kàn. Rédíò ń kọ orin ayọ̀ lórí tábìlì, wọn ò yíjú sí i.

Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ wo ìyá mi sàn. Mo mọ ibi tí ọ̀nà yìí ń lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ gba Ìníolúwa àti èmi láàyè láti máa sun ẹkún náà fún wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, kí dókítà sì tún ọ̀rọ̀ oògùn oorun yẹn wò. Kí Nọ́ọ̀sì Ọdẹ́wálé jókòó tì wá bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n ní sùúrù títí a ó fi súre, kí wọ́n sì rí bí ìyá mi ṣe ń jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n fọwọ́ sí ìwé, màá fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo jókòó tì wọ́n lẹ́bàá fèrèsé. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ẹkún náà lábẹ́ ètè. Ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu jẹ́jẹ́. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì rọra sọ fún mi pé, “Dákẹ́. Wọn kì í sunkún níbí.”

Wọ́n ti gbàgbé orúkọ mi, ẹ̀yin ọ̀gá. Òfin yín ni wọ́n rántí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ibí.

Èmi ni, ẹni tó ń retí èsì yín,

Fọláyọ̀ Olúṣọlá (Abilékọ),
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ọmọ Màmá Yéjídé Fákúnlé.