Orogún Màmá Ti Yà Wọlé

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tiwa le koko níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Inú mi ń dùn débi pé n kò tilẹ̀ mọ ibi tí n ó ti mú ọ̀rọ̀ náà. Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: Màmá jáde nílé lánàá, ọkọ̀ Bàbá ni wọ́n sì bá jáde!

O rántí pé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti ṣẹ́ ni wọn kò ti sọ̀kalẹ̀ láti yàrá òkè mọ́. Egungun ti jinná, dókítà ti ní kí wọ́n máa rìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àtiṣubú kò jẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, tí wọn kò sì lè gun àtẹ̀gùn wa, ń ránṣẹ́ ṣáá pé àwọn fẹ́ rí àbúrò àwọn kí ojú tó ṣú pátápátá. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ wa, èsì kan náà ni: "Àfi tí orogún mi bá wá gbé mi nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn." O ṣáà mọ orogún wọn, ọkọ̀ àtijọ́ tí Bàbá máa ń nù láràárọ̀ nígbà ayé wọn kí wọ́n tó kí ìyàwó ilé. Lójú tèmi, Màmá rò pé ọkọ̀ náà kò ní dìde mọ́ láé ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí táyà tí o fi ránṣẹ́ dé, mo jó nínú ọgbà mẹkáníìkì. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, wọ́n sì sanra bí ọmọ olówó. Àbúrò mi, sísanra yẹn gan-an ni wàhálà wa! Bí a bá ń lọ gbọọrọ, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yí sítíárì dé òpin, táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ha etí irin tó bò ó lókè, gbrrr, bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ o mọ ẹnu géètì wa. Òpópónà há, ògiri aládùúgbò wà níwájú, ẹni tí kò bá yí sítíárì dé òpin kò ní wọlé. Táyà àtijọ́ ni ì bá sàn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbó débi pé wáyà ti yọ lára wọn.

Mẹkáníìkì wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kò-Sí-Wàhálà, ní, "Àǹtí, kò sí wàhálà, ẹ jẹ́ kí n gé irin yẹn." Mo ní bó bá gbé ayùn sún mọ́ ọkọ̀ Bàbá, èmi àti ẹ̀ la jọ máa sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ló bá fi wáṣà, irin pẹlẹbẹ olójú ihò, kún ìdí bọ́ọ̀tì tó ń dá sítíárì dúró, kí táyà má baà yí dé ibi tí yóò ti kan irin. Ariwo dákẹ́. Mo wa ọkọ̀ relé, mò ń kọrin. Ó ku kí n yà wọ géètì, ọkọ̀ kọ̀, imú rẹ̀ dojú kọ ògiri. Sítíárì kò yí tó mọ́! Mo gbójú sókè, mo rí Màmá lójú fèrèsé. Wọ́n rọra fa kọ́tìnì dé. Ọkàn mi bàjẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ.

Kò-Sí-Wàhálà yọ wáṣà dànù, ó tọrọ ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Ó fi kun táyà, ó ní kí n yí sítíárì dé òpin, ó sì wo ibi tí funfun náà ti lẹ̀ mọ́ irin. Kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ. Ibẹ̀ nìkan ló fi òòlù onígi rọra ká sínú, bí wọ́n ṣe ń ká etí aṣọ, kò gé ohunkóhun. Mo yí i sósì, mo yí i sọ́tùn-ún, kẹ́kẹ́ pa. Ọkọ̀ yà wọ géètì wẹ́rẹ́! Ó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń súfèé, ni mo bá bi í pé, "Ṣé orí òrùlé ni Màmá máa jókòó sí ni? Ọkọ̀ òfìfo lo fi dán an wò." Ó tún kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí èèyàn bá wọ ọkọ̀, ọkọ̀ á rì díẹ̀, irin á sì tún sún mọ́ táyà.

La bá lọ kó àwọn aládùúgbò. Káfíńtà jókòó lẹ́yìn. Aránṣọ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, téèpù lọ́rùn rẹ̀. Ìwọ náà mọ aránṣọ, bí atẹ́gùn bá fẹ́, a máa ń yọjú wò ó bóyá ó ṣì wà. Kò-Sí-Wàhálà lóṣòó ti táyà, ó ń pariwo, "Ẹ wá ẹni tó wúwo síwájú, èyí ò tẹ nǹkan kan!" Aránṣọ ń múra ìjà lọ́wọ́ ni a gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wa: "Ẹni tó wúwo lẹ̀ ń wá, ẹ ò sì pè mí?"

Màmá ni! Wọ́n ti dá sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ọwọ́ kan lára irin àtẹ̀gùn, báàgì lọ́wọ́ kejì, bàtà ìjáde lẹ́sẹ̀.

Wọ́n lé aránṣọ sẹ́yìn, wọ́n jókòó. Mo yí sítíárì dé òpin. Gbrr, fẹ́ẹ́rẹ́. Kò-Sí-Wàhálà ní òun lè ká irin náà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí Bàbá fi kùn ún lè bó. Mo ń lọ́ra. Màmá ní, "Ká a, jàre. Irin kọ́ ni bàbá wọn gbé níyàwó, èmi ni." Ó lù ú, ọ̀dà bó díẹ̀. Mo tún yí i. Kò sí ariwo kankan! Màmá fọwọ́ gbá iwájú ọkọ̀ pẹ́pẹ́, wọ́n ní, "Orogún mi, ìwọ náà ti dàgbà, èmi náà ti dàgbà. Rọra gbé mi o." Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ràn wọ́n lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní, "Sọ̀kalẹ̀ lọ síbo? Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró." Bí a ṣe lọ nìyẹn, tàwa ti káfíńtà àti aránṣọ!

Ẹ̀gbọ́n wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìró ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀, wọ́n sì dìde. Wọ́n fọwọ́ wo ojú Màmá láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n ní, "O ti rù." Màmá ní, "Ẹ bi mẹkáníìkì, ó ní mo wúwo." Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn, lójú èmi náà pẹ̀lú.

Àbúrò mi, o ṣeun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ibi tí o bá fẹ́ yà sí há mọ́ ọ. Ohun tí o bá fi ránṣẹ́ sílé, ayọ̀ ni yóò máa bá pàdé. Bá mi kí ìyàwó, bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó pọ̀n ọ́ rí, tó wá di dírẹ́bà Màmá.

Àfikún: Màmá ní kí o má wulẹ̀ ra táyà ránṣẹ́ mọ́. Nígbà tí à ń lọ lánàá, àyè kan ṣófo lẹ́yìn láàárín aránṣọ àti káfíńtà. Wọ́n gbé báàgì wọn sí i, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún síbẹ̀. Wọ́n ní àyè rẹ ni. Bí o bá dé tí o jókòó, a ó tún fi ṣọ́ọ̀kì kun táyà.