Adìẹ Tí Wọ́n Ṣẹ́ Lápá Nítorí Mi

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Kẹsàn-án

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí. Ó rí wúruwùru bíi tọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi ṣe nǹkan kó lè mọ́ mi lára. Kò sì sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé "pẹ̀lẹ́". Pẹ̀lẹ́ ti sú mi. Ìwé ò ní kí mi ní pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní Ìdí-Orò. Ìjọba ní kí ọ̀kadà má gba ibẹ̀ mọ́, wọ́n ṣì ń gbà á, èmi náà ṣì ń gùn ún. Mo ń sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà ti ń dúró. Ọlọ́kadà fẹ́ yà fún kòtò, ló bá yà sínú gọ́tà. Orúnkún tiẹ̀ bó díẹ̀. Èmi, èjìká ọ̀tún ni mo fi balẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Ó dìde, ó gbọn ara nù, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí o?" Wèrè.

Ní ọsibítù wọ́n ya fọ́tò eegun mi. Apá kán lókè pátápátá, níbi tó ti wọnú èjìká. Dókítà Salome — mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí i — ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi irin dè é. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ó tún un sọ pé kí n má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ yẹn. Tí eegun bá fi lè so pọ̀ ní wíwọ́, mi ò ní lè gbé apá sókè mọ́.

Irun ni mò ń dì. Òun náà ni mo mọ̀ ọ́n ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé. Apá tí kò bá gòkè, orí ta ló fẹ́ dì?

Màámi ní kò sí ẹni tó máa fi ọ̀bẹ kan ọmọ àwọn. Bàámi fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, òkú wọn ni wọ́n gbé jáde. Ohun tí Ọ̀gágun bá sọ nílé yìí, òfin ni. Ọ̀gágun ni mo ń pe màámi nínú ikùn mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Màámi ló bá mi wọ kọ́mú lónìí. Èmi, àgbàlagbà yìí.

Ọjọ́ Ajé, 8

Wọ́n ti mú mi lọ sọ́dọ̀ teegunteegun. Bàbá Ìbíkúnlé ni wọ́n ń pè é, nílẹ̀ Mushin níhìn-ín, àgbàlagbà tó ti ń to eegun kí wọ́n tó bí mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bíi màámi. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè agboolé ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi wá jókòó síbẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n gbé wá tà.

Ọkùnrin méjì dì mí mú. Bàbá fa apá mi. Igbe tí mo ké, mi ò mọ̀ pé irú ẹ̀ wà nínú mi. Òrí, ewé, ọparun, aṣọ — wọ́n dì í pọ̀ gírígírí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé adìẹ jáde. Àgbébọ̀ pupa kan. Bàbá di apá ọ̀tún ẹ̀ mú, wọ́n ṣẹ́ ẹ bí ẹni ṣẹ́ igi ìdáná. Adìẹ ké lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n fi òrí kan náà pa á lápá, wọ́n fi ọparun tín-ín-rín dì í, wọ́n gbé e lé màámi lọ́wọ́ pé ká máa tọ́jú ẹ̀ nílé. Wọ́n ní ọjọ́ tí adìẹ yìí bá fi apá yẹn fò, kí n mọ̀ pé tèmi náà ti jinná. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé baba wọn nìyẹn.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú tí adìẹ yẹn fi ń wò mí ni kò jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Ó wà nínú páálí ní kọ̀rọ̀ kíṣìnì. Ó ń wò mí, mo ń wò ó. Àwa méjèèjì ò lè fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Mo ti sọ ọ́ ní Sísí.

Kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo bá gbé kútẹ́ẹ̀sì pupa, mo ní kí n kun èékánná Sísí. Ọwọ́ òsì ń gbọ̀n, kútẹ́ẹ̀sì yí gbogbo ìka ẹ̀ ká, ó wá dà bí ẹni tó tẹ ata lílọ̀. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo rí kùn kó tó rẹ̀ mí, Sísí náà ò sì gbà kí n mú èkejì. Màámi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní orí mi ti dàrú pátápátá. Wọ́n rẹ́rìn-ín ṣá. Látìgbà tí mo ti ṣubú, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Màámi wẹ̀ mí. Wọ́n fi kànìnkànìn bó mi lẹ́yìn bí ìgbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ní kí n gbé ẹsẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n la ẹnu, mo la ẹnu. Nígbà tó yá inú bí mi, mo ní kí wọ́n gbé ìrẹsì wọn kúrò. Wọ́n gbé e kúrò lóòótọ́. Ebi wá pa mí, mi ò lè ní kí wọ́n gbé e padà. Mo sunkún lórí ìrẹsì. Ẹ gbà mí o.

Rosaline tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí tèmi pè mí. Ó ní òun ń bá mi mú àwọn oníbàárà mi dání títí mo fi máa dé. Mú dání kẹ̀! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Ọjọ́ Àìkú, 14

Sísí ò fọwọ́ kan àgbàdo. Apá ẹ̀ wú, ó sì ń rùn díẹ̀. Mo gbóòórùn apá tèmi náà bóyá ó ń rùn. Òrí nìkan ni mo gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Látàárọ̀ Sísí ò dìde. Ó dijú. Mo ro omi sí i lẹ́nu, omi ṣàn jáde.

Ó tán. Mo sọ fún màámi pé ọ̀la ni ọjọ́ tí dókítà dá fún mi, mo sì ń lọ. Kí wọ́n gé ohun tí wọ́n bá fẹ́ gé. Mo ti di báàgì mi, ọwọ́ kan ni mo fi dì í, síìpù ẹ̀ ò tilẹ̀ pa dé. Mo rò pé Ọ̀gágun máa pariwo. Wọ́n kàn lọ jókòó ti páálí adìẹ.

Ọjọ́rú, 17

Olúwa o! Sísí ti dìde!

Mo jí, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ ní kíṣìnì. Mo sáré dé ibẹ̀, ó ń ṣa àgbàdo bí ẹni tí wọ́n febi pa lọ́dún mẹ́ta. Ojú ẹ̀ mọ́ rekete. Ọparun wà lápá ẹ̀, kútẹ́ẹ̀sì ń pọ́n nínú páálí. Màámi ní, "Ṣé o rí i? Ṣé mi ò sọ fún ẹ?" Ojú wọn pọ́n, wọ́n ní àlùbọ́sà ni. Wọ́n ti lọ sọ́jà, wọ́n ti dé kí n tó jí, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àkàrà ni wọ́n rà bọ̀ fún mi, gbígbóná.

Mi ò lọ sí ọsibítù. Kí ni mo ń lọ ṣe? Mo tú báàgì, mo jẹ àkàrà, mo fún Sísí níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25

Bàbá Ìbíkúnlé wá sílé wá tú àwa méjèèjì. Sísí na apá ẹ̀ gbalaja. Bàbá gbé e, wọ́n tẹ eegun ẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n ní èyí mà yá o, àwọn ò tíì rí èyí tó yá tó báyìí. Màámi ní kí wọ́n wá mu omi.

Apá tèmi ti rù. Ó ń lọ síwájú díẹ̀, ó ń lọ sẹ́yìn díẹ̀. Kò gòkè. Bàbá ní kí n fara balẹ̀, pé adìẹ ló máa ń ṣáájú.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Kẹwàá

SÍSÍ FÒ! Láti ilẹ̀ dé orí táǹkì omi! Mo pariwo débi pé gbogbo ará ilé jáde, wọ́n rò pé olè ni. Mo jó. Ọwọ́ kan ni mo fi jó o. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí, wọn ò jó.

Mo ti pe Moyọ̀sọ́lá, tíṣà tó ń wá láti Yábàá, oníbàárà mi àtọjọ́ pípẹ́. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́la, èmi fúnra mi ni mo máa dì í.

Ọjọ́bọ̀, 2

Moyọ̀sọ́lá jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀ bí mo ṣe ń dúró láti ọjọ́ yìí. Mo mú òòyà, mo ní kí apá gòkè. Ó dé ibi ọmú, ó dúró. Mo fi ọwọ́ òsì tì í nídìí. Òòyà bọ́. Moyọ̀sọ́lá ṣà á fún mi. Ó tún bọ́. Ó tún ṣà á.

Ó ní kò le, pé irun òun ṣì dáa, òun á padà wá. Irun tó ti tú délẹ̀! Ó wé gèlè lé e, ó dì mọ́ mi, ó lọ. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Kò wọ ọ̀dọ̀ Rosaline, ó gba ẹ̀yìn lọ kí n má bàa rí ibi tó ń lọ. Ì bá kúkú wọ ọ̀dọ̀ Rosaline níṣojú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 3

Mi ò dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Sísí wá ń ṣa nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ní kí n bi í bó ṣe ṣe é tí tiẹ̀ fi yá. Mo wo ẹsẹ̀ ẹ̀.

Kútẹ́ẹ̀sì wà lẹ́sẹ̀ òsì. Kútẹ́ẹ̀sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Mo gbé e sórí itan. Gbogbo èékánná ẹ̀ ló pọ́n, ó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí èyí tó yí ìka. Ọwọ́ tó kun èyí ò gbọ̀n rárá. Èmi, ẹsẹ̀ kan ni mo kùn.

Mo gbé adìẹ wọlé bá màámi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kàn gbé ẹsẹ̀ adìẹ sí wọn lójú. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

Wọ́n ní Sísí kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bí mo ṣe kúrò ní kíṣìnì. Màámi ní bí òun ṣe gbé òkú ẹ̀ lọ́wọ́, èmi ni òun rí. Pé adìẹ tí wọ́n ṣẹ́ nítorí mi kú, tí mo wá fẹ́ wọ yàrá tí bàámi wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọn ò lè parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sin ín sẹ́yìn táǹkì. Wọ́n lọ sọ́jà ní ìdájí, wọ́n wá àgbébọ̀ pupa bíi tiẹ̀ rà, wọ́n kun èékánná ẹ̀, wọ́n di ọparun mọ́ apá tó dá ṣáṣá.

Apá tí kò kán rí ni mo ń jó fún. Apá tí kò kán rí ni mo torí ẹ̀ tú báàgì mi.

Mo ní, "O ti ba ayé mi jẹ́." Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo pe màámi ní ìwọ. Láyé mi mi ò ṣe é rí. Mo dúró kí wọ́n gbá mi létí, wọn ò gbá mi. Ọ̀gágun fa àwo mọ́ra, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ẹ̀wà tó dáa ni wọ́n ń dà nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Dókítà Salome ya fọ́tò mìíràn. Eegun ti so pọ̀ síbi tó wù ú. Wọ́n lè tún un ṣẹ́, kí wọ́n tún un tò, ṣùgbọ́n kò lè ṣèlérí. Ó ní kí n dúpẹ́ tó bá dé gíga èjìká, kí n má retí kó kọjá orí mi láé. Ó wò mí, ó wo màámi, kò bá ẹnì kankan wí. Ì bá kúkú bá wa wí.

Nígbà tá a ń bọ̀, màámi di báàgì mi mú nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́bọ̀, 9

Àfi "gbé ẹsẹ̀", àfi "la ẹnu", kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wa láti ọjọ́ yẹn.

Lọ́sàn-án yìí mo jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wo adìẹ tí mi ò pè ní Sísí mọ́. Màámi jáde wá. Wọ́n tẹ́ ẹní síwájú mi, wọ́n jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n tú gèlè orí wọn. Irun ti ta kókó. Èmi nìkan ló ń dì í fún wọn, kò sì tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án látìgbà tí mo ti ṣubú. Wọ́n na òòyà sẹ́yìn láìwẹ̀yìn.

Bí àwọn àgbà ṣe ń dirun nìyẹn, kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn sórí àga, ká máa dúró tì í. Orí wà nísàlẹ̀. Apá ò ní ibì kan tó fẹ́ gùn lọ.

Inú ṣì ń bí mi o. Mi ò tíì dárí jì wọ́n, mi ò sì mọ̀ bóyá mo máa dárí jì wọ́n. Mo fẹ́ ní kí wọ́n dìde.

Mo gba òòyà. Ọwọ́ òsì di irun mú. Ọwọ́ ọ̀tún ń gòkè, ó ń gòkè, ó dé orí màámi, ó dúró. Ibẹ̀ ló mọ. Mo di ìlà kan. Ó wọ́, ó dùn mí dé inú eegun. Èjìká màámi ń mì, wọ́n ń gbé ẹkún mì kí n má bàa gbọ́. Ìlà kejì ò lè ṣe é ṣe bí wọ́n ṣe ń mì yẹn.

Mo ní, "Ẹ gbórí dúró."

Wọ́n gbé e dúró.