Àwo Òkété Tí Wọ́n Gbé Síwájú Mi

Dádì mi, tí kì í jẹun tán láìbi mí bóyá mo yó,

Ẹ kú ilé o, àbí kí ni wọ́n ń kí ẹni tó ti lọ? A ti sin yín. Òjò kò rọ̀, àdúrà pásítọ̀ kò gùn jù, Kọ́lá àbúrò mi sì ṣe ohun gbogbo bí ọkùnrin. Èmi dúró létí sàréè, n kò sunkún. Àwọn èèyàn ń wò mí. Ara mi kú ni. Láti ọjọ́ tí Kọ́lá ti pè mí ní òkèèrè pé ẹ ti lọ, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi òwú wé mi. Mo ń gbọ́, mo ń dáhùn, mo ń bá wọn to àga, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dùn mí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yín nígbà tí Màmá kú? Ẹ ò sọ fún mi. Ẹ kàn ń bẹ iṣu lọ ni.

Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Bàtà yín wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí ẹ máa ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Pépà àtijọ́ tí ẹ kó wá láti ilé ìwé, tí wọ́n tẹ Ìpínlẹ̀ Oǹdó sí lórí, ṣì kún orí tábìlì. Ẹ ti fi báírò fa ìlà sí Oǹdó, ẹ kọ Èkìtì sókè rẹ̀, ewé kan tẹ̀lé òmíràn, bíi pé ìpínlẹ̀ tuntun náà lè sá lọ bí ẹ kò bá tètè kọ ọ́. Mo jókòó tì í. Ẹ̀rín kò wá, ẹkún náà kò wá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín nígbà Kérésì, tí mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ó jẹ mọ́ iṣẹ́ mi. Ẹ rántí nǹkan dúdú tó lẹ̀ mọ́ àpáta lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkẹ́rẹ́, tí ẹ máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì báyọ́lọ́jì yín lọ wò lọ́sàn-án gangan? Oòrùn á ti yan án títí, ẹ ó da omi sí i, ẹ ó ní ká dúró, nígbà tó bá yá, yóò di àwọ̀ ewé. Òun ni mo tẹ̀lé títí mo fi dé òkèèrè. Èyí tí à ń ṣèwádìí rẹ̀ níbi iṣẹ́ báyìí tún le jù ú lọ. Ó jọ nǹkan tó máa ń mú kí inú àgbá omi òjò wa yọ̀, àmọ́ inú omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ ló ń gbé, omi tó ń jẹni lára bí omi bátìrì mọ́tò. Ó yẹ kó ti jinná. Kò jinná. Ó ń bímọ níbẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe rí i ṣe? Díẹ̀ nínú agbára tó fi ń gbé ibẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ ìyá tàbí bàbá wá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ti wà nínú omi náà ṣáájú rẹ̀ ló ni ín, jíìnì wọn ló wọ̀ ọ́ lára. Aládùúgbò ló fún un. Mo mọ ohun tí ẹ ó bi mí, pẹ̀lú báírò tí ẹ máa ń há sẹ́yìn etí: báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ogún? Torí pé àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú omi tútù kò ní in rárá, àwọn kòkòrò tó bá gbé pọ̀ ló ní in. Àwọn àgbà níbi iṣẹ́ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé nígbà tó bá ti wọlé tán, kì í ṣe àlejò mọ́. Ọmọ á bá a lára ìyá rẹ̀, ọmọ-ọmọ náà á bá a.

Mo fẹ́ rí ojú yín nígbà tí mo bá sọ ọ́. Èmi tí Màmá pọ̀n wá láti Òmùò nígbà tí ẹ fẹ́ ẹ, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yín. Ṣé ẹ máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni mo ń sọ?

Ilé yín kì í jẹ òkété. Àlejò lè jẹ ẹ́, ìyàwó ilé lè jẹ ẹ́, ọmọ ilé ni kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Nígbà tí a bá lọ kí àwọn ará Màmá ní Òmùò, tí wọ́n fi òkété sínú ọbẹ̀, ẹ ó fi ṣíbí yọ ọ́ kúrò nínú àwo mi, ẹ ó gbé e sínú ti Màmá, ẹ ó wá mú ẹran ewúrẹ́ tiyín fún mi. Ẹ kì í dá ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ dúró. Ṣé ẹ máa ń rò ó kí ẹ tó ṣe é ni? Àbí ọwọ́ yín kàn mọ̀ ọ́n ṣe?

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ẹbí pé jọ sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Ìṣẹ́, ti gbé òkété gbígbẹ wá láti oko rẹ̀ ní Ìṣẹ́ fún àwọn àlejò, wọ́n sì sè é lọ́tọ̀ lẹ́yìnkùlé, ìkòkò ọ̀tọ̀, ààrò ọ̀tọ̀. Wọ́n gbé iyán wá. Ewúrẹ́ wà nínú àwo Kọ́lá. Òkété wà nínú tèmi, odindi itan. Èmi àkọ́bí yín. Bàbá Ìṣẹ́ ló ń darí bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò sì wo ojú mi. Ó yé mi pé bí ẹ kò ti sí mọ́, àlejò ni mí. Bí mo bá jẹ ẹ́, mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ìjà dé nílé òkú yín.

N kò bínú. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nígbà tí mo bá rántí. Mo bu òkèlè, mo ti ń gbé e lọ sínú ọbẹ̀, torí pé ó rẹ̀ mí, torí pé kò sí ohun tó jọ mí lójú.

Ìfẹ́ ọmọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun àti Kọ́lá jọ ń jẹun. Ẹ rántí pé ọdún tí mo fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ yín kí n lè parí ẹ̀kọ́ mi, inú àwo yín ló ti ń jẹ. Ó wo àwo mi. Ó mú ṣíbí, ó yọ itan òkété náà, ó wojú gbogbo èèyàn títí ó fi rí ìyàwó Bàbá Ìṣẹ́, ó gbé e sínú àwo ìyá náà. Ó wá mú ẹran ewúrẹ́ nínú àwo Kọ́lá, ó fi sínú tèmi. Ìtàn ológbò kan ló ń sọ fún Kọ́lá láti ẹ̀ẹ̀kan, kò dá a dúró.

Bàbá Ìṣẹ́ bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ìfẹ́ ti ki iyán bọnu. Ó kàn nawọ́ sí àga yín, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé.

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bú sẹ́kún lójú gbogbo ẹbí, tọwọ́tọbẹ̀. Ó dùn mí, Dádì. Ó dùn mí gan-an. Nígbà tó yá, Bàbá Ìṣẹ́ ní kí wọ́n lọ bu ọbẹ̀ mìíràn fún mi, nínú ìkòkò ọmọ ilé. N kò mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ ló yí padà ni, àbí ojú ló tì í. N kò bi í. Mo jẹ ẹ́.

Ọ̀la ni èmi àti Ìfẹ́ ń padà. Mo ti gbé bàtà yín wọlé kí ìrì má baà sẹ̀ sí i.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kì í jẹ òkété,
àti ọmọ rẹ̀, tí òun náà kì í jẹ ẹ́.