Olóògbé Lachlan Begg (1941–2019): Olùkọ́ Àwọn Eku, Òjòwú Ọkọ Noeline

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1941 ni a bí Bàbá wa, Lachlan Murdo Begg, sí ìlú Mosgiel lẹ́bàá Dunedin, nílẹ̀ New Zealand. Murdo Begg, ahunṣọ ní ilé iṣẹ́ irun àgùntàn, ni baba tó bí wọn; Euphemia, ọmọ àgbẹ̀ láti Outram, ni ìyá wọn. Bàbá ni àkọ́bí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Jean àbúrò wọn délé, Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, yọjú wo ọmọ tuntun, wọ́n ní: "Ìgbà wo ló máa padà lọ?" Ẹ má bínú pé à ń sọ ọ́ níbi òkú. Ẹni tó mọ Bàbá mọ̀ pé owú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wọ yunifásítì ní Dunedin ní 1959, wọ́n gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1966, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2006. Iṣẹ́ wọn dá lórí èròjà inú ọpọlọ tí à ń pè ní dópámíìnì. Wọ́n á fi eku sínú àpótí tó ní ọ̀pá kékeré méjì. Bí eku bá tẹ ti òsì, omi ṣúgà á kán sílẹ̀ fún un. Bó bá ti mọ̀ ọ́n tán, Bàbá á yí i padà, á wá jẹ́ pé ti ọ̀tún ló ní ṣúgà. Bí ṣúgà bá jáde láìròtẹ́lẹ̀, dópámíìnì á ru sókè lórí eku. Bó bá retí rẹ̀ tí kò rí i, á lọ sílẹ̀, ìlọsílẹ̀ yẹn ló sì ń kọ́ ọ pé kó jáwọ́, kó dán ibòmíràn wò. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni: bó bá kéré jù, wàhálà ni, bó bá pọ̀ jù, wàhálà ni. Eku tí dópámíìnì rẹ̀ bá pọ̀ jù, tí kì í lọ sílẹ̀ mọ́, á ṣáà máa tẹ ọ̀pá òfìfo ni. "Eku olórí kunkun" ni Bàbá ń pè é. Bàbá ò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bọ́ eku wọn láéláé, kí àwọn eku má baà fẹ́ràn onítọ̀hún ju Bàbá lọ.

Ní 1967, wọ́n gbé Màmá wa, Noeline Tait, níyàwó, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Presbyterian. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, Bàbá béèrè ìdí tí ọ̀rẹ́ ọkọ fi bá ìyàwó jó lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀ọ̀dá Teone Waaka wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì náà. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń bá àwọn ènìyàn wọn lọ sí erékùṣù ìhà gúúsù láti pa tītī, ẹyẹ òkun ọlọ́ràá nì. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á gbé korobá kan tó kún fún ẹyẹ oníyọ̀ wá fún Màmá. Bàbá á jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀dùnkún, wọ́n á sì máa kùn pé: "Ṣé èmi ò lè ra adìyẹ ni?"

Ní 2011, àìsàn Parkinson mú Bàbá. Dópámíìnì tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn tẹ̀ lé ló ń gbẹ lórí àwọn fúnra wọn. Dókítà fún wọn ní oògùn tó ń ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀. Ọwọ́ wọn rọlẹ̀, wọ́n ń de bọ́tìnì ara wọn, inú wa dùn. Àfi bí owú ṣe gbérí.

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2013, Bọ̀ọ̀dá Teone gbé korobá dé.

"Noeline lo gbé ẹyẹ yìí wá fún, àbí gbogbo ilé?" Bàbá béèrè.

"Lachie, o ti jẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń béèrè?"

Bàbá da gbogbo ẹ̀ síta, àwọn ẹyẹ etíkun sì bà lé e, wọ́n fi ṣe fàájì. Màmá sunkún ní kíṣìnnì.

Láti ìgbà náà, bí Màmá bá lọ dá tẹ dùùrù ní ọjọ́bọ̀, Bàbá á mú ọ̀pá ìtilẹ̀, wọ́n á lọ yọjú lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá Bọ̀ọ̀dá Teone wà níbẹ̀. Màmá nìkan ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún lọ. Owú náà ń ta wọ́n lára bí ata. Nígbà tó di oṣù keje, Màmá di ẹrù láti lọ sọ́dọ̀ Fiona, ọmọ wọn obìnrin, ní Invercargill.

"Ọkọ ni mo fẹ́," wọ́n ní, "mi ò fẹ́ ọlọ́pàá. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi tí o ò jáwọ́, mo ti lọ nìyẹn."

Ẹrù wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́bọ̀ tí Bàbá tún lọ. Òjò ń rọ̀. Wọ́n yọjú, wọn ò rí ẹnì kankan àfi Màmá. Bí wọ́n ṣe fẹ́ padà, ọkàn wọn ní: ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wàá bá wọn. Bàbá dúró sójú kan. Wọ́n ti rí irú èyí rí nínú àpótí eku, fún ogójì ọdún. Wọ́n wọlé, omi ń kán lára wọn.

"Noeline, ọ̀pá òfìfo ni mo ń tẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Èmi gan-an ni eku olórí kunkun yẹn. Oògùn yìí ti pọ̀ jù fún mi."

Màmá pa dùùrù dé. "Eku kì í mọ̀, Lachie. Ìwọ ti mọ̀. Bọ́ kóòtù yẹn, o ti rin gbingbin."

Dókítà kìlọ̀ pé bí àwọn bá dín oògùn kù, ọwọ́ á tún máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á sì le. Bàbá ní kí wọ́n dín in kù. Láti ọjọ́ náà, Màmá ló ń de bọ́tìnì wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Màmá tú ẹrù. Owú tí oògùn mú wá lọ. Ti àbínibí ṣẹ́kù, ìyẹn ò sì gbóògùn. Lọ́dún kejì, Bàbá jẹ tītī méjì tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní: "Teone, o ṣeun. Ẹyẹ yìí dùn. Ó tó kí o máa lọ sílé báyìí."

Alàgbà ìjọ ni Bàbá fún ogún ọdún. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2019. Wọ́n fi Noeline aya wọn sáyé lọ, pẹ̀lú Fiona àti Craig, àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti Jean àbúrò wọn, tí kò padà lọ títí dòní.

Bàbá pàṣẹ pé kí Bọ̀ọ̀dá Teone wà lára àwọn tí yóò gbé pósí, kí wọ́n sì wà níwájú: "Kí ọwọ́ ẹ̀ lè níṣẹ́ ṣe."

Ẹ sùn re o, Bàbá. Ẹ má yọjú lójú fèrèsé mọ́. Màmá ń bọ̀ wá bá yín, ṣùgbọ́n wọn ò kánjú.