Ẹja Orí Òrùlé Mi Di Ọbẹ̀ Àna

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Ghurni,
                                        Krishnanagar.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, 2024.

Ilora, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, inú ló ń bí mi.

Àwọn ọmọ ẹja àrọ̀ tí o fún mi yẹn ti dàgbà. Inú àgbá lórí òrùlé ni mo ti ń sìn wọ́n. Póńpù ń fa omi ìdọ̀tí wọn lọ sídìí ẹ̀fọ́ tí mo gbìn sínú òkúta wẹ́wẹ́, ẹ̀fọ́ ń jẹ ìdọ̀tí náà, omi á sì padà sọ́dọ̀ ẹja ní mímọ́. Èmi fúnra mi ni mo so gbogbo páìpù rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa fẹ́ wá wò ó. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, èmi ni wọn yóò gbéṣẹ́ fún láti ṣe irú rẹ̀ sílé wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n kò tíì níṣẹ́ tèmi rí.

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ tí gbogbo ìyá ń se àsè fún ọkọ ọmọ wọn, mo jáde lọ ra páìpù. Kí n tó dé, òórùn ẹja nínú òróró músítádì ti gba gbogbo ilé. Mo sáré gun òkè. Omi nìkan ló kù nínú àgbá. Dibyendu ọkọ mi ló fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kó wọn, ìyá rẹ̀ ló rán an. Mo bi ìyá ọkọ mi pé kí ló dé. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí ọlọ.

"Ìyàwó, ṣé ẹ̀wà ni kí n gbé síwájú ọkọ ọmọ mi lónìí? Ẹja lẹja ń jẹ́."

Ọkọ mi ní kí n má bínú, pé ẹja pọ̀ lọ́jà, a ó ra òmíràn. Bó bá pọ̀ lọ́jà, kí ló dé tí kò lọ sọ́jà? Nirupam, ọkọ ọmọ wọn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pa ẹja mi, kàn tọ́ ọ wò ni, ó ní ẹran ewúrẹ́ lòun ń dúró dè! Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe yẹn dé ẹnu mi, mo gbé e mì.

Kí ni mo fẹ́ fi han àwọn obìnrin yẹn báyìí, omi? Mo ti fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn òrùlé, mo sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí aṣọ sárì mi. Jọ̀wọ́, bí o bá rí ẹja kankan, fi rán ẹni tó bá ń bọ̀.

Bá mi kí ìyá rẹ, ṣùgbọ́n má kàwé yìí sí wọn létí, wọn á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ohun kan wà tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nílé yìí. Nígbà tí gbogbo wọn jẹun tán, ìrù ẹja kan ni wọ́n ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún mi. Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́. Ó dùn, Ilora. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Èmi ni, tìrẹ ní tòótọ́ bí inú tilẹ̀ ń bí mi,
Sutapa.