Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Àbẹ̀ní Gbà

Màámi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ níbí ní Àgbówó, orúnkún mi sì wà nílẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti ẹnu lásán. Mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé ní Kétu lẹ́yìn ibodè lọ́hùn-ún, tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ sórí Wásáàpù ẹbí. Ojú gbogbo ẹbí ni mo ti sọ̀rọ̀ sí yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí lẹ́tà yìí náà jáde sójú gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n á kà á fún yín, bí ẹ ò tiẹ̀ gbé fóònù mi.

Nígbà tí Àbẹ̀ní ọmọ mi kúrò lọ́dọ̀ yín wá bá mi, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, mo mú un lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ibí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, kíláàsì karùn-ún ló kàn án. Ọ̀gá ilé ìwé gba káàdì èsì ìdánwò rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, nọ́ńbà nìkan ni ọ̀gá dá mọ̀. Wọ́n ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní àánú rẹ̀ ṣe àwọn, ṣùgbọ́n kíláàsì kejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mi ò kàwé, mo gbà.

Inú bí mi. Ẹ mọ̀ mí, iná inú oyé ni mí. Mi ò tíì délé tí mo ti gbé fóònù, tí mo ní oko ẹ̀gẹ́ lẹ ń mú ọmọ mi lọ dípò ilé ìwé, pé ẹ ti fi ọdún mẹ́fà rẹ̀ ṣòfò.

Láti ọjọ́ náà ni ìdí mi ò ti gba ìjókòó mọ́. Òjò ń rọ̀ ṣáá, ẹrẹ̀ gbòde. Mo lọ ra irun iṣẹ́ mi ní Bódìjà, mo gbàgbé ẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. Mo di irun oníbàárà kan tán, ó wọ́ sápá kan, mo tún tú u. Láràárọ̀ ni mò ń wo Àbẹ̀ní láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn ò ga ju ìgbáròkó rẹ̀ lọ. Wọ́n ń pè é ní Àgànyìn, àwa ọmọ Kétu tí Yorùbá wa jinlẹ̀ ju tiwọn lọ! Kò sunkún, ó kàn ń gbé àpò ìwé rẹ̀ wọlé.

Ní Sátidé, Dúpẹ́ oníbàárà mi wá dirun. Yunifásítì ló ti ń kọ́ èdè Faransé, òun náà ló ń bá mi kọ èyí. Orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo na káàdì náà sí i, pé kó bá mi wo ibi tí ọmọ mi ti kùnà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ogún ni wọ́n fi ń díwọ̀n máàkì lọ́dọ̀ wa ní Kétu, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, pé ọmọ tó bá gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ogún, ó mọ̀wé gan-an. Ipò kejì ló ṣe nínú kíláàsì. Mo fi irun sílẹ̀, mo pe Àbẹ̀ní.

Mo bi Àbẹ̀ní bóyá ó mọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ẹ ti kọ́ òun pé ọmọdé kì í já àgbà nírọ́, ọ̀gá sì ti sọ̀rọ̀, èmi náà sì ti gbà. Màámi, ọmọ tí ẹ kọ́ tó báyìí ni mo ní ẹ ò kọ́.

Dúpẹ́ tẹ̀lé mi lọ ní Mọ́ńdè. Ọ̀gá káwọ́ lérí, wọ́n ní ó yẹ kí àwọn ti béèrè. Àbẹ̀ní ti wà ní kíláàsì karùn-ún báyìí. Olùkọ́ kan ń dá a dúró lẹ́yìn ilé ìwé láti kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, torí ìyẹn ṣì le fún un. Ọmọ ará Tógò kan sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá ní kí Dúpẹ́ wá ka káàdì tiẹ̀ kí àwọn tó yan kíláàsì fún un.

Síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀. Mo ń pè yín, ó ń dún, ẹ ò gbé e. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ ń jẹun, pé ẹ ò kàn fẹ́ gbọ́ ohùn mi ni. Ẹ̀bi mi ni.

Mo sọ fún Àbẹ̀ní lánàá pé nígbà míì tí àgbà bá ṣàṣìṣe, kó kúnlẹ̀, kó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó bi mí bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó kúnlẹ̀, ó ní èmi ni mo ṣàṣìṣe, kí n lọ bẹ Ìyá àgbà.

Mo bẹ̀ yín o. Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ó jẹun Àbẹ̀ní pẹ́. Ẹ bá mi kí tilétoko. Tí fóònù bá tún dún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e nítorí rẹ̀. Òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi á wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàbí